Ta Ló Ń Gbá Ojúde Wa Láàárọ̀?

Ọ̀rọ̀ Wẹ́dà tún ti pòórá. Mo ń fọ eyín lọ́wọ́ nígbà tí mo ṣí fóònù mi láti wo búlọ́ọ̀gù, mo wá a lókè, mo wá a nísàlẹ̀, mi ò rí nǹkan kan. Àlàyé gígùn tó kọ nípa ẹ̀rọ omi àdúgbò, ìjà tó bẹ́ sílẹ̀ láàárín òun àti akọ̀wé káńsẹ́lọ̀, ẹ̀bẹ̀ tó gbẹ̀yìn ìjà náà, gbogbo ẹ̀ ti lọ ráúráú. Mo tu ọṣẹ ẹnu mi dànù, mo jókòó sórí bẹ́ǹṣì ẹ̀yìnkùlé, ara mi ò sì yá gágá mọ́ ní gbogbo òwúrọ̀ yẹn.

Ẹ jẹ́ kí n tètè ṣàlàyé, kó má baà rú yín lójú. Mo ní ṣọ́ọ̀bù ìtẹ̀wé kan níwájú ilé wa. Ibẹ̀ náà ni mo ti ń bójú tó búlọ́ọ̀gù àdúgbò tí mo dá sílẹ̀, Ojúde lorúkọ ẹ̀. Ọ̀rọ̀ ìṣèlú la ń sọ níbẹ̀: ohun tí káńsù ṣe, ohun tí wọn ò ṣe, ta ló yẹ ká dìbò fún, ta ló yẹ kó lọ sinmi nílé ẹ̀. Wọ́n ń pè mí ní Ìyá Ojúde. Èmi àti ọkọ mi ò tíì rọ́mọ bí, torí náà mo máa ń fi ṣe yẹ̀yẹ́ pé búlọ́ọ̀gù yìí ni àkọ́bí mi, ó sì ń da mí láàmú bí àkọ́bí lóòótọ́.

Nítorí pé ọ̀rọ̀ ìṣèlú máa ń gbóná, a ní àwọn tó ń yẹ ọ̀rọ̀ wò, tí wọ́n ń yọ irọ́ àti èébú kúrò. Agbálẹ̀ la ń pe ara wa. Ibi tí ohun tá a bá yọ ń lọ, ààtàn la ń pè é. Mẹ́ta péré ni wá: èmi, Nọ́ọ̀sì tó ń gbé ní òdìkejì títì, àti Bàbá Onígbàjámọ̀. Òfin wa ò le. Agbálẹ̀ tó bá yọ ọ̀rọ̀ ẹnì kan gbọ́dọ̀ fi iṣẹ́ ránṣẹ́ sí onítọ̀hún, kó kí i dáadáa, kó sì sọ ìdí ẹ̀. Mo sì máa ń yangàn pé àwọn òǹkàwé mi lẹ́kọ̀ọ́. Wọ́n ń bú káńsẹ́lọ̀, wọ́n ń bú ara wọn, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó bú èmi rí níbẹ̀.

Ẹni tó ń yọ ọ̀rọ̀ yìí láàárọ̀ ò kí ẹnì kankan, kò sì sọ ìdí.

Mi ò tíì ṣí ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù tán tí Wẹ́dà fi wọlé. Ọkùnrin náà gbé awò dúdú tó fi ń jó irin sí iwájú orí, ojú ẹ̀ sì pọ́n.

"Ẹ káàárọ̀, Ìyá Ojúde." Kò sí ẹ̀rín nínú ìkíni yẹn.

"Ẹ káàárọ̀ o. Mo ti rí i. Mo fẹ́ẹ́ pè yín ni."

"Ṣé wọ́n ti rà yín ni?"

"Ta ló rà mí? Ṣé ẹja ni mí?"

"Ẹ má fi ṣeré. Akọ̀wé káńsẹ́lọ̀ fi ọwọ́ ara ẹ̀ kọ ọ́ síbẹ̀ pé wọ́n máa tún ẹ̀rọ omi wa ṣe. Gbogbo àdúgbò ló rí i. Ibo ló wà báyìí? Kì í ṣe tèmi nìkan. Àwọn mìíràn náà ti ń wá ọ̀rọ̀ wọn tì." Ó gbé awò kúrò lórí, ó fi ẹsẹ̀ ṣòkòtò nù ún. "Ìrọ̀lẹ́ ọ̀la, gbogbo wa máa pàdé ní ṣọ́ọ̀bù onígbàjámọ̀. Ẹ bá wa wá ẹni tó ń ṣe é kó tó dìgbà yẹn. Bí ẹ ò bá rí i, a máa kó ẹsẹ̀ wa kúrò nínú Ojúde, a ò sì ní padà wá."

Ó lọ. Èmi dá dúró pẹ̀lú ẹ̀rọ ìtẹ̀wé mi. Ohun kan wà tí mi ò lè sọ fún un. Ní ojú ewé tí àwa agbálẹ̀ nìkan ń rí, orúkọ ẹni tó bá yọ ọ̀rọ̀ máa ń hàn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀. Orúkọ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀rọ̀ Wẹ́dà, orúkọ mi ni. Bẹ́ẹ̀ mi ò fọwọ́ kàn án.

Mo bá gbé fóònù, mo pe ẹ̀gbọ́n ọkọ mi obìnrin.

*

Ẹ̀gbọ́n ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ ọ̀tẹ̀lẹ̀múyẹ́, ṣùgbọ́n iṣẹ́ náà ò tíì fẹ̀yìn tì kúrò lára wọn. Orúnkún ń dùn wọ́n, wọn kì í yára rìn, ẹ̀pà yíyan kì í sì í tán lápò wọn. Wọ́n dé, wọ́n jókòó sórí àga mi, wọ́n ní kí n lọ wá àga mìíràn.

"Ìyàwó, orúkọ ta ló wà lára ẹ̀?"

Mo wolẹ̀. "Orúkọ mi ni, Ẹ̀gbọ́n."

"Ìwọ lo yọ ọ́?"

"Rárá o. Mo lè búra."

"Má búra. Nígbà tí mo wà lẹ́nu iṣẹ́, ẹni tó bá yára búra fún mi ni mo kọ́kọ́ máa ń tì mọ́lé." Wọ́n ju ẹ̀pà sẹ́nu. "Ta ló mọ ọ̀rọ̀ aṣínà rẹ?"

"Kò sẹ́ni tó mọ̀ ọ́n. Àbúrò yín gan-an ò mọ̀ ọ́n."

"Ìyẹn ò yà mí lẹ́nu. Àbúrò mi ò mọ ibi tí ẹ ń kó ṣíbí sí nílé yìí. Ibo lo ti máa ń ṣí búlọ́ọ̀gù?"

"Lórí fóònù mi àti lórí kọ̀ǹpútà yìí. Mo máa ń ti méjèèjì pa."

"Fi ààtàn yẹn hàn mí."

"Ìdọ̀tí ló kún ibẹ̀, Ẹ̀gbọ́n. Àwọn tó ń polówó oògùn tó ń mú irun hù ló pọ̀ jù. Èmi gan-an kì í débẹ̀."

Wọ́n na ọwọ́, mo sì gbé fóònù fún wọn. Wọ́n kà á títí. Níbì kan, wọ́n ṣíwọ́ ẹ̀pà jíjẹ. Wọ́n wò mí, wọ́n tún wo fóònù, wọ́n wá da ẹ̀pà ọwọ́ wọn padà sápò.

"Kí lẹ rí?"

"Ẹni tó ń ṣe iṣẹ́ yìí fẹ́ràn rẹ gan-an, ìyàwó."

"Ṣé ẹni tó fẹ́ràn mi ló máa ba Ojúde mi jẹ́?"

"Mo ní ó fẹ́ràn rẹ. Mi ò ní ó ń ràn ọ́ lọ́wọ́." Wọ́n dìde. "Jẹ́ kí n lọ kí ìyá mi, ká tó jáde."

Màmá, ìyá ọkọ mi, wà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. Tíṣà ni Màmá kí wọ́n tó fẹ̀yìn tì, ìdajì àdúgbò yìí ló gba abẹ́ wọn kọjá. Lọ́jọ́ tí wọ́n kúrò nílé ìwé, pátákó dúdú kíláàsì wọn ni Màmá ní kí wọ́n fi ta àwọn lọ́rẹ, òun náà ló wà lára ògiri ọ̀dẹ̀dẹ̀ wa. Wọ́n ń kọ ohun tá a máa rà lọ́jà sí i, àti ìgbà tí ọkọ mi gbọ́dọ̀ lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru. Nígbà míì, orúkọ èèyàn méjì á wà níbẹ̀ láìsí àlàyé. Èrò mi ni pé àwọn tí Màmá ń gbàdúrà fún ni. Tó bá fi máa di àárọ̀, wọ́n ti nù ún mọ́.

"Àkọ́bí mi, o ti rù," Màmá sọ fún Ẹ̀gbọ́n. Ẹ̀gbọ́n ò rù rárá. Tábúlẹ́ẹ̀tì tí mo fún Màmá wà lórí itan wọn, èyí tí mo sọ lẹ́tà inú ẹ̀ di ńlá kí wọ́n lè máa fi ka ìròyìn. Etí ìró wọn funfun fún ṣọ́ọ̀kì. Ẹ̀gbọ́n kúnlẹ̀ kí wọn, wọ́n gbọn ṣọ́ọ̀kì náà kúrò fún wọn, wọ́n sì pẹ́ díẹ̀ kí wọ́n tó dìde. Mo rò pé orúnkún ni.

*

Ọ̀dọ̀ Bàbá Onígbàjámọ̀ la kọ́kọ́ lọ, torí pé àwọn ni mo fura sí. Àna wọn ló ń wa ọkọ̀ fún káńsẹ́lọ̀. Ọkùnrin kan wà lórí àga tí wọ́n ti fá irun ẹ̀ dé ìdajì, àwọn mẹ́ta mìíràn jókòó lórí bẹ́ǹṣì.

"Àna yín ti bẹ̀ yín rí pé kẹ́ ẹ yọ ọ̀rọ̀ kan kúrò nínú Ojúde?" Ẹ̀gbọ́n bi wọ́n.

"Ó bẹ̀ mí. Mo ní kó lọ máa gé irun ẹ̀ níbòmíì."

"Ẹ bá mi ka ìlà yìí, ẹ jọ̀wọ́." Ẹ̀gbọ́n na fóònù sí wọn.

Bàbá gbé fóònù jìnnà, wọ́n gbé e súnmọ́, wọ́n ní, "Ọ̀rọ̀ tó dáa ni."

"Ẹ kà á síta."

Bàbá bẹ̀rẹ̀ sí í nu fóònù náà. Ọkùnrin tí wọ́n fá dé ìdajì ló gbà wọ́n sílẹ̀. "Ìyá, gíláàsì Bàbá ti fọ́ látọjọ́ yìí. Àwa la máa ń kà á fún wọn."

"Àwa wo?"

"Ẹni tó bá wà lórí àga ló máa kà á. Àwọn tó wà lórí bẹ́ǹṣì á nawọ́: kó wọlé, àbí kó má wọlé. Èyí tó bá pọ̀ jù ni Bàbá máa tẹ̀."

Mo fọwọ́ lẹ́rán. "Bàbá, ìdìbò lẹ fi ń gbálẹ̀?"

"Búlọ́ọ̀gù ìṣèlú kọ́ ni?" Bàbá dáhùn, wọ́n sì tan ẹ̀rọ ìfárí wọn padà. "Ìdìbò wa ò ní màgòmágó, ìyẹn sàn ju ti káńsù lọ."

Ẹ̀rín pa Ẹ̀gbọ́n débi pé wọ́n di ara ilẹ̀kùn mú. Nígbà tá a jáde, wọ́n ní, "Bàbá yẹn ò lè ka nǹkan kan kí gbogbo ṣọ́ọ̀bù má gbọ́. Iṣẹ́ ìkọ̀kọ̀ kọ́ ni iṣẹ́ wọn. Yọ ọ́ kúrò."

Nọ́ọ̀sì ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ibi iṣẹ́ dé ni. Ó ti ẹsẹ̀ méjèèjì bọ inú omi lílọ́wọ́ọ́wọ́, ojú ẹ̀ kún fún oorun. Nígbà tó gbọ́ ohun tá a bá wá, inú bí i.

"Ìyá Ojúde, ẹ fura sí èmi náà?"

"Gbogbo èèyàn la fura sí," Ẹ̀gbọ́n dá a lóhùn, "títí kan ìyàwó tó mú mi wá yìí. Kí lo rò sí i? Ojú tó ń ṣọ́ aláìsàn kì í ṣe ojú lásán."

Ìyẹn tù ú nínú. Ó ronú díẹ̀. "Ohun kan wà tó ń jọ mí lójú. Ká ní èmi ni mo fẹ́ gbèjà káńsẹ́lọ̀, èyí tó ń gbóná lọ́wọ́ ni màá yọ. Ẹni yìí kì í fọwọ́ kan èyí tó ń gbóná. Èyí tó ti tutù ló ń yọ, bí ìgbà téèyàn bá ń tú báńdéèjì kúrò lójú egbò tó ti jiná."

"Tún un sọ," Ẹ̀gbọ́n ní.

Ó tún un sọ. Ẹ̀gbọ́n dìde, wọ́n dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹ̀ bí ẹni pé ó fún wọn ní ilẹ̀.

*

Lójú ọ̀nà, Ẹ̀gbọ́n ń to ọ̀rọ̀ náà fún mi bí wọ́n ṣe ń rìn.

"Mo ti ka ààtàn rẹ. Wẹ́dà rò pé wọ́n ń gbèjà káńsẹ́lọ̀ ni. Irọ́ ni, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò mọ̀ pé irọ́ ni. Onílé kan àti ayálégbé ẹ̀ jà níbẹ̀ nítorí owó orí, wọ́n yọ ọ́. Obìnrin méjì jà lórí ibi tó yẹ kí àpótí ìdìbò wà, wọ́n yọ ọ́. Kò sí káńsẹ́lọ̀ nínú méjèèjì. Kí ló wà nísàlẹ̀ gbogbo wọn?"

Mo ronú. "Ti Wẹ́dà, ó bẹ akọ̀wé pé òun ṣì í mú. Akọ̀wé ní kò burú."

"Ìdáhùn nìyẹn. Gbogbo èyí tí wọ́n yọ ló parí sí ẹ má bínú, ó ti tán. Àyàfi àwọn kan, màá fi ìyẹn hàn ọ́ tó bá yá. Àwọn tí kò tíì parí ìjà wọn, wọ́n ṣì wà níbẹ̀ tí wọ́n ń bu ara wọn jẹ." Wọ́n dúró kí orúnkún wọn sinmi. "Ẹni kan wà tí kò lè fara da ìjà tó ti parí. Mo rò pé mo mọ ẹni náà. Ṣùgbọ́n mi ò ní fi ẹnu lásán fẹ̀sùn kàn án, ojú ara mi ni màá fi rí i. Torí náà, ìwọ àti èmi máa jà."

"Ẹ̀gbọ́n?"

"Gbé fóònù rẹ. Má ṣàánú mi o."

Ní ìrọ̀lẹ́ yẹn, gbogbo àdúgbò rí nǹkan. Ẹ̀gbọ́n kọ ọ́ sínú Ojúde pé: "Ìyàwó ilé wa ní ká dìbò fún ẹni tó máa kọ́ ilé ìkàwé. Ẹni tó ń jó ọbẹ̀ lójoojúmọ́ nítorí ìwé kíkà, kí ló tún fẹ́ fi ilé ìkàwé ṣe?" Mo fún wọn lésì: "Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi ní ká kọ́ àgọ́ ọlọ́pàá míì. Wọ́n ti fẹ̀yìn tì, wọ́n ṣì ń wá ẹni tí wọ́n máa tì mọ́lé." Àwọn èèyàn ya wọ ibẹ̀. Ọkọ mi pè mí láti ibi iṣẹ́ pé ṣé kóun máa bọ̀ wálé ni. Ní tòótọ́, mo gbádùn ẹ̀ díẹ̀, torí pé ó ti pẹ́ tí mo ti fẹ́ dáhùn ọ̀rọ̀ ọbẹ̀ yẹn.

Lákòókò kan náà, Ẹ̀gbọ́n dá ìjà mìíràn sílẹ̀ pẹ̀lú Bàbá Onígbàjámọ̀ lórí iná ojú títì, èyí tó gbóná ju tiwa lọ fíìfíì. Wọ́n ti bá Bàbá sọ ọ́, gbogbo ṣọ́ọ̀bù ló sì ń bá wọn dìbò lórí èébú tí wọ́n máa fi fèsì. Ìyẹn, a fi í sílẹ̀ láìparí. Tiwa nìkan la parí. Ẹ̀gbọ́n kọ pé: "Mo bú ìyàwó wa kọjá bó ṣe yẹ. Ẹ bá mi bẹ̀ ẹ́." Mo dáhùn pé: "Mo ti gbà, Ẹ̀gbọ́n. Ó ti tán."

Nígbà tí mo gba ọ̀dẹ̀dẹ̀ kọjá, mo rí i pé Màmá ti kọ nǹkan sójú pátákó: Àkọ́bí. Ìyàwó. Mo ní Màmá ń gbàdúrà fún wa, mo sì wọlé lọ sùn.

*

Ẹ̀gbọ́n sùn sọ́dọ̀ wa. Ilẹ̀ ò tíì mọ́ tán nígbà tí wọ́n fọwọ́ kan ẹsẹ̀ mi. A lọ dúró lẹ́yìn ilẹ̀kùn ilé ìdáná, níbi tá a ti ń rí ọ̀dẹ̀dẹ̀.

Màmá jókòó síbẹ̀, gíláàsì wà lójú wọn, tábúlẹ́ẹ̀tì wà lórí itan. Wọ́n ń ka ọ̀rọ̀ wa, ètè wọn ń mì. Nígbà tí wọ́n dé ibi àgọ́ ọlọ́pàá, ẹ̀rín mú wọn, wọ́n fọwọ́ bo ẹnu kí wọ́n má baà jí wa. Wọ́n kà á dé ìsàlẹ̀. Wọ́n ní, "Ó ti tán," wọ́n fi ìka kan tẹ̀ ẹ́ jẹ́jẹ́. Wọ́n wá dìde, wọ́n mú etí ìró wọn, wọ́n sì nu orúkọ àwa méjèèjì kúrò lójú pátákó.

Mo wo fóònù mi. Ìjà wa ti lọ. Ìjà Bàbá Onígbàjámọ̀ ṣì wà níbẹ̀ gbọn-in.

Ẹ̀gbọ́n ló kọ́kọ́ jáde. "Ẹ káàárọ̀, Màmá."

"Ẹ̀yin méjèèjì ti jí? Inú mi dùn bẹ́ ẹ ṣe tètè parí ẹ̀. Ọkàn mi ò balẹ̀ lánàá."

"Màmá," mo ní, "ta ló kọ́ yín bẹ́ ẹ ṣe ń yọ ọ̀rọ̀?"

"Ìwọ ni. O ní tí mo bá rí àwọn olóògùn irun, kí n tẹ ibí yìí, kí n jù wọ́n sí ààtàn." Bẹ́ẹ̀ ni, èmi ni. Orúkọ mi ni mo fi ṣí tábúlẹ́ẹ̀tì yẹn fún wọn lọ́jọ́ náà, ó sì ti fò mí lórí pátápátá.

"Àwọn tó ń jà ńkọ́?"

Màmá wò mí bí wọ́n ṣe máa ń wo ọmọ tí kò gbọ́ ohun tí wọ́n kọ́ ọ láàárọ̀. "Nílé ìwé, mọ́nítọ̀ ló máa ń kọ orúkọ àwọn tó bá jà sójú pátákó. Tí wọ́n bá ti bọ ara wọn lọ́wọ́, mo máa ń pa á rẹ́. Mi ò jẹ́ kó di ọjọ́ kejì rí. Ọmọ tó bá dé kíláàsì láàárọ̀ tó bá orúkọ ara ẹ̀ níbẹ̀, ìjà yẹn máa bẹ̀rẹ̀ lákọ̀tun. Wọ́n ti parí ẹ̀. Kí ló tún ń ṣe níta?"

"Ìlérí ẹ̀rọ omi wà nínú ti Wẹ́dà, Màmá. Ẹ gbá a mọ́ ọn. Gbogbo àdúgbò fẹ́ fi Ojúde sílẹ̀ nírọ̀lẹ́ òní nítorí ẹ̀."

Màmá jókòó. Wọ́n bọ́ gíláàsì wọn. "Háà. Mo ṣe é bàjẹ́ nìyẹn. Ìjà ni mo rí, mi ò wo ohun tó wà lábẹ́ ẹ̀."

"Ó ṣì wà ní ààtàn, ìyàwó lè dá a padà," Ẹ̀gbọ́n ní. Wọ́n wá rẹ ohùn wọn sílẹ̀. "Màmá, àwọn kan wà níbẹ̀ tí kò parí, tẹ́ ẹ sì yọ."

Ẹ̀gbọ́n ṣí ààtàn, wọ́n gbé e fún mi. Láàárín àwọn olóògùn irun, mo rí wọn, wọ́n pọ̀. Obìnrin tí kò rọ́mọ bí ló fẹ́ wá kọ́ wa bá a ṣe ń ṣèjọba. Kó lọ tọ́jú inú ẹ̀ kó tó tọ́jú àdúgbò. Òmíràn burú jùyẹn lọ, mi ò ní kọ ọ́ síbí. Àwọn kan ti wà níbẹ̀ láti nǹkan bí ìgbà tí mo fún Màmá ní tábúlẹ́ẹ̀tì.

"Ìyẹn ò parí," Màmá ní, wọn ò wò mí. "Mi ò sì retí kó parí. Mi ò kàn fẹ́ kó jẹ́ òun lo máa fi bẹ̀rẹ̀ ọjọ́ rẹ."

Mo kúnlẹ̀ níbẹ̀. Mo gbé orí mi lé itan wọn, ṣọ́ọ̀kì ìró wọn kùn mí lójú, mo sì sunkún. Gbogbo àsìkò tí mo ń yangàn pé àwọn òǹkàwé mi lẹ́kọ̀ọ́, ìyá àgbà kan ló ń jí ṣáájú mi láti gbálẹ̀ kí n tó fẹsẹ̀ kan ilẹ̀. Mo ní, "Ẹ ṣé, Màmá. Ẹ ṣeun gan-an ni." Wọ́n ń gbá mi lẹ́yìn, wọ́n ní kí n dìde kí ilẹ̀ má mú mi lórúnkún bíi ti Àkọ́bí.

*

Ṣọ́ọ̀bù onígbàjámọ̀ kún dé ẹnu ọ̀nà ní ìrọ̀lẹ́. Wẹ́dà dúró níwájú, ó ká ọwọ́ mọ́yà. Mo ti dá gbogbo ìjà tí wọ́n yọ padà, mo sì ka ìlérí akọ̀wé káńsẹ́lọ̀ síta kí gbogbo wọn lè gbọ́. Lẹ́yìn náà, mo sọ ẹni tó yọ ọ́. Mo sọ ìdí ẹ̀ náà. Nígbà tí mo dé orí àwọn èébú tí wọ́n ń bú mi, mo fẹ́ fò ó, ṣùgbọ́n mo sọ ọ́. Àwọn kan ń wo bàtà wọn.

Wẹ́dà yíjú sí Màmá tó jókòó lórí àga ìfárí, torí pé àga mìíràn ò sí. "Tíṣà, ẹ̀yin ni?"

"Èmi ni. Má bínú, ọmọ mi. Mi ò mọ̀ pé omi wà nínú ẹ̀."

Wẹ́dà tú ọwọ́ sílẹ̀. "Ní kíláàsì yín, orúkọ mi kì í kúrò lójú pátákó yẹn."

"Mo ń pa á rẹ́ lójoojúmọ́. Ìwọ lo ń dá a padà."

Gbogbo ilé bú sẹ́rìn-ín. Wẹ́dà náà rẹ́rìn-ín, ó wá fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ojú. "Ká ní mò ń bá a níbẹ̀ láàárọ̀ ni, mi ò bá má padà wá sílé ìwé," ó ní. "Ẹ fi mí kún àwọn agbálẹ̀, Ìyá Ojúde. Mo ti ń bú yín láti àná, ẹ jẹ́ kí n bá yín ṣiṣẹ́."

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹ̀, mo sì bẹ àwọn tó kù. Mo ní ọwọ́ wa ò tó. Mo ní ẹni tó bá lè ka ọ̀rọ̀ díẹ̀ kó tó lọ síbi iṣẹ́, ẹni tó bá lè kí èèyàn dáadáa kó tó sọ fún un pé ọ̀rọ̀ ẹ̀ ò dáa, òun la ń wá. Kò dìgbà tó bá mọ kọ̀ǹpútà. A fẹnu kò níbẹ̀ pé a ò ní máa yọ ìjà tó ti parí mọ́. A máa ká a pọ̀, a máa fi ìlà kan sórí ẹ̀ pé wọ́n ti parí ẹ̀, kẹ́ni tó bá ń wá ìlérí lè rí i. Màmá ló máa máa kọ ìlà náà. Wọ́n sì ní àwọn olóògùn irun ṣì jẹ́ tàwọn.

Ẹ̀gbọ́n lọ sílé wọn lọ́jọ́ kejì. Mo fi ẹ̀pà kún àpò wọn, mo ní mi ò mọ bí mo ṣe máa dúpẹ́. Wọ́n ní kí n má jó ọbẹ̀ mọ́.

Nígbà tí mo padà sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, orúkọ ti kún ojú pátákó: Wẹ́dà. Nọ́ọ̀sì. Onígbàjámọ̀ àti bẹ́ǹṣì ẹ̀. Onílé àti ayálégbé ẹ̀. Obìnrin méjì tó jà nítorí àpótí ìdìbò. Gbogbo àwọn tó ní àwọn máa bá wa gbálẹ̀ ni. Ó ti di àárọ̀ ọjọ́ mélòó kan báyìí tí mo ti ń kọjá níbẹ̀, Màmá ò sì tíì pa á rẹ́.

Àyè ṣì wà nísàlẹ̀ fún orúkọ yín. Ṣọ́ọ̀kì wà lórí fèrèsé.